Mọ́ínmọ́ín Ọlọ́wọ́ Òsì

Ẹ má pè é ní àlọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí wà láàyè. Moshie Zongo ló ń gbé, ní Kùmásí, nínú agboolé tí wọ́n bí i sí. Àwọn tó ṣojú wọn náà ṣì wà. Wọn kì í fẹ́ sọ ọ́. Bí ó bá sì di dandan kí wọ́n sọ ọ́, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ràhmát ni orúkọ obìnrin náà. Àwọn baba rẹ̀ ló ti Ọ̀fà wá ta aṣọ ní Kùmásí, tí ilẹ̀ ibẹ̀ gbà wọ́n, tí wọn ò sì padà mọ́. Tèslìmù ọkọ rẹ̀ ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní àdúgbò Aboabo. Ọmọ kan ṣoṣo ló yè fún wọn. Fareedah ni.

Fareedah fẹ́ràn ìdáná bí ọmọ ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ijó. Ìwé kan ló kó sí i lórí. Ààrò Ìyá Wa ni àkọlé ìwé náà, Màmá Oyèbọ̀dé ló kọ ọ́. Olùkọ́ ni Màmá yìí. Láti agboolé dé agboolé ló ń lọ nígbà ayé rẹ̀, tó ń bi àwọn ìyá àgbà bí wọ́n ṣe ń se ohun tí wọ́n ń sè, tó sì ń jókòó ti iná wọn títí oúnjẹ á fi jinná. Kí ìwé rẹ̀ tó jáde, wáákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà ibẹ̀, àti fùfú nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa nílùú yẹn mọ̀. Lẹ́yìn tó jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í se ẹ̀kuru. Wọ́n ń se gbẹ̀gìrì. Àwọn Àṣáńtì pàápàá ń ra ìwé náà fún ìyàwó ọmọ wọn.

Nígbà tí Màmá kú, Bùsáyọ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìrántí rẹ̀. Apòògùn ni Bùsáyọ̀. Ìbàdàn ló ti wá, kò sì mọ ẹnì kankan ní Kùmásí àfi ìwé yẹn. Lóṣooṣù, lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ẹgbẹ́ á pé jọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nítòsí Anloga Junction. Wọ́n á ṣí ìwé Màmá, wọ́n á mú oúnjẹ kan nínú rẹ̀, wọ́n á sè é, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sì sọ̀rọ̀ Màmá. Efua ló mú Fareedah dé ibẹ̀. Inú agboolé kan náà làwọn méjèèjì ti dàgbà. Fáńtì ni Efua, ṣùgbọ́n Yorùbá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju ọmọ Yorùbá mìíràn lọ.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Fareedah. Ìyá bàbá rẹ̀ lù ú, ó bẹ̀ ẹ́, òsì kò kúrò níbẹ̀. Ó ń fi ọ̀tún jẹun. Ó ń fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Iṣẹ́ yòókù, òsì ni. Nítorí náà, bí ó bá ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, ewé rẹ̀ á yí sí ibi tí ewé ẹlòmíràn kì í yí sí. Bí wọ́n bá sọ ìkòkò kalẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ á nawọ́ sí i, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọn á ní, "Ti Ọlọ́wọ́ Òsì rèé."

Ọmọ yìí ló sọ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé òun ń lọ sí Accra, pé iṣẹ́ wà fún òun nílé oúnjẹ kan níbẹ̀. Agadez, létí aṣálẹ̀, ló ti pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Atẹ́gùn ń fẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Màámi, ẹ má bínú. Bí mo bá ti dé òdìkejì òkun, n ó pè yín."

Kò pè. Ààwẹ̀ kan kọjá. Òmíràn tún kọjá. Ọmọ Aboabo kan tí wọ́n jọ lọ padà wá, ó rù, kò lè wo ènìyàn lójú mọ́. Ó ní ọkọ̀ méjì làwọn pín sí nínú aṣálẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tí Fareedah wọ̀ kò dé ibi tí tàwọn dé. Òun ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Tèslìmù kò ti pe ìyàwó rẹ̀ ní Ìyá Fareedah mọ́. Ràhmát ló ń pè é.

"Ràhmát, jẹ́ ká kírun sí ọmọ yìí lára, ká fà á lé Ọlọ́hun lọ́wọ́."

"Bàbá Fareedah, ta ló rí òkú rẹ̀?"

"Iyanrìn kì í dá òkú padà."

"Ọmọ mi ò kú."

Ọ̀rọ̀ wọn kì í kọjá ibẹ̀. Títí ó fi di ọjọ́ kan, ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí Tèslìmù wọlé tó sọ pé òun ti bá Àfáà Rilwan sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n á wá kírun sí ọmọ náà lára nínú agboolé. Kò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ tán, ó bọ́ síta. Ràhmát kò sunkún. Ó gbá ilẹ̀ tó ti gbá láàárọ̀.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ ẹgbẹ́.

Efua ló ti ń mú Ràhmát náà lọ láti ìgbà tí Fareedah ti lọ. "Màámi, ẹ wá jókòó níbi tó máa ń jókòó," bó ṣe sọ nìyẹn nígbà àkọ́kọ́. Ràhmát kì í sè, kì í pọ́n. Ewé ló máa ń fọ̀. Á fi aṣọ nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan, á tò ó sórí àtẹ, á wá káwọ́ lé itan.

Oṣù tí Màmá Oyèbọ̀dé kú sí ni wọ́n wà. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n fi ìwé rẹ̀ tì í. Mọ́ínmọ́ín arìnrìnàjò ni wọ́n fẹ́ sè. Màmá kọ ọ́ sínú ìwé pé ọdún tí ìjọba ní kí àwọn àlejò fi Gánà sílẹ̀, ìyá òun se é fún gbogbo ará ilé tó ń lọ, ó fi epo púpọ̀ sí i kí ó má baà tètè kan lójú ọ̀nà. Ó ní ìyá òun kò sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń pọ́n ọn.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Oòrùn ràn, ṣùgbọ́n ó funfun bí ojú ẹni tó ń ṣàìsàn. Ní Anloga, ariwo ẹ̀rọ tó ń la pákó kì í dákẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń dákẹ́. Bó bá dákẹ́ báyẹn, etí á máa hó.

Bùsáyọ̀ gbé ẹ̀wà dé láti ibi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Ó ti lọ ata mọ́ ọn. Ó pupa yòò.

Ràhmát rí i, ó ń nu ewé rẹ̀ lọ. Ọgbẹ́ inú ń bá a jà, kì í fẹnu kan ata. Nígbà tí Fareedah wà, kí wọ́n tó da ata sí ẹ̀wà, á ti bu ti ìyá rẹ̀ sọ́tọ̀, á pọ́n ọn lọ́tọ̀, á gbé e wálé fún un. Lọ́jọ́ yìí, kò sí ẹni tó rántí. Ràhmát kò sì wá tìtorí àtijẹ.

Bùsáyọ̀, Efua àti Tiwalọlá ló jókòó pọ́n ọn. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni Tiwalọlá, òun ló kéré jù níbẹ̀. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ká ewé bí ìwo, wọ́n ṣẹ́ ìdí rẹ̀, wọ́n bu ẹ̀wà sí i, wọ́n pa ẹnu rẹ̀ dé, wọ́n tò ó sínú ìkòkò. Ẹ̀wà tán nínú igbá. Tiwalọlá fi ìka nu igbá náà lá. Wọ́n dé ìkòkò, wọ́n fi í sílẹ̀ lórí iná èédú níbi ògiri, wọ́n wá jókòó yí àwòrán Màmá ká.

Ìṣe wọn ni pé kí oúnjẹ tó jinná, olúkúlùkù á sọ̀rọ̀ kan nípa Màmá. Bùsáyọ̀ sọ tiẹ̀. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ dé Kùmásí, tí òun ń fi omi ojú sùn, òun ṣí ìwé Màmá, òun rí ẹ̀gbo àgbàdo ìyá ìyá òun níbẹ̀ bí ìyá náà ṣe ń sè é gẹ́lẹ́. Tiwalọlá sọ tiẹ̀. Ó wá kan Ràhmát.

"Mo rí Màmá lẹ́ẹ̀kan," ni Ràhmát wí. "Mo lóyún nígbà náà. Ó wá bi ìyá mi nípa ẹ̀kuru. Ìkòkò ń hó lórí iná, mo fẹ́ dìde lọ ṣí i. Màmá ní kí n jókòó. Ó ní—"

Ọmọrí ìkòkò dún.

Kì í ṣe bí omi tó ń hó ṣe ń gbé ọmọrí. Bí ìgbà tí ènìyàn ṣí i ni. Wọ́n gbọ́ tó gbera. Ó pẹ́ díẹ̀. Wọ́n gbọ́ tó padà délẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ dí ọ̀rọ̀ àgbà lọ́wọ́.

Kò sí ẹni tó wẹ̀yìn. Bùsáyọ̀ rò pé Efua ni. Efua rò pé Tiwalọlá ni. Ìgbà tí wọ́n wo ara wọn ni wọ́n rí i pé gbogbo wọn wà níjókòó.

"Ológbò ni," Bùsáyọ̀ wí.

Kò sí ológbò nínú ilé náà. Wọ́n jọ wojú ìkòkò. Èéfín ń jáde létí ọmọrí rẹ̀. Ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ gbẹ, eruku pákó wà lórí rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Kò sí ojú ẹsẹ̀ níbẹ̀ àyàfi tiwọn tó ti ìdí ìkòkò bọ̀.

Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ Màmá mọ́. Wọ́n dúró kí ó jinná. Atẹ́gùn pàápàá dáwọ́ dúró.

Nígbà tó tó àkókò, Efua sọ ìkòkò kalẹ̀. Ó ṣí i. Ó na ọwọ́ sínú ooru, ó sì fa ọwọ́ náà padà bí ẹni tí nǹkan ta.

"Éì," ó wí. "Éì, Awurade! Olúwa o!"

Bùsáyọ̀ sún mọ́ ọn. "Kí ló dé?"

"Ta ló pọ́n eléyìí?"

Mọ́ínmọ́ín kan wà lórí gbogbo yòókù. Ewé rẹ̀ yí sí òsì. Ìdí rẹ̀ náà ṣẹ́ sí òsì, wọ́n sì ti etí rẹ̀ bọ inú, bí ọmọ kan ṣoṣo ṣe máa ń tì í.

"Ó lè jẹ́ ọwọ́ mi ló yí," Bùsáyọ̀ wí. Ó mú ewé kan, ó gbìyànjú láti yí i sí òsì. Ewé náà ya. Ó mú òmíràn. Òun náà ya. Tiwalọlá ti ń sunkún.

Ràhmát dìde. Ó mú mọ́ínmọ́ín náà nínú ìkòkò, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó sì ṣí ẹnu ewé rẹ̀ díẹ̀.

Funfun ni. Ó funfun bí ọ̀gì. Kò sí ata níbẹ̀.

Wọ́n tú òmíràn wò nínú ìkòkò náà. Pupa ni. Wọ́n tú òmíràn. Pupa. Gbogbo wọn ló pupa.

Efua kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó di aṣọ rẹ̀ mú. "Màámi, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ ẹ́. A ò mọ ibi tó ti wá."

"Èmi mọ ẹni tó sè é," ni Ràhmát wí.

Ó pa ewé náà dé. Ó fi ìborùn rẹ̀ wé e. Ó kí wọn, ó dúpẹ́, ó jáde.

Nínú tírótíró, ọkọ̀ èrò ìlú náà, ó gbé e sórí itan. Ó gbóná sí i lára bí orí ọmọ tuntun. Obìnrin tó jókòó tì í bi í ní Twi bóyá ọmọ ló gbé síbẹ̀. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti já nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ń sọ pé ọmọ ti kú, ó ń bá a jà. Nísinsìnyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún un, ó mọ̀ ọ́n. Omijé rẹ̀ kò ní ariwo. Ó kàn ń ṣàn, ó ń kán sórí ìborùn.

Tèslìmù wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń fi epo pa ìdí ẹ̀rọ kan. Ó gbé ojú sókè.

"Kí lo dì síbẹ̀?"

Ràhmát gbé e sórí tábìlì, ó tú u. Tèslìmù nu ọwọ́ rẹ̀. Ó yí mọ́ínmọ́ín náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó fi ìka tọ ojú ibi tí ewé gbà yí.

"Ta ló pọ́n ọn?"

"Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n, Bàbá Fareedah."

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tó ròyìn dé ibi àìsí ata, Tèslìmù fọwọ́ bo ẹnu. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyá Fareedah," ó wí.

Ó ti pẹ́ tí Ràhmát ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá Fareedah, ọmọ wa wà láàyè."

"Rárá," ni Ràhmát wí. "Ẹ jẹ́ kí Àfáà wá."

"Ìwọ lo ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Òkú kì í dáná. Òkú kì í rántí pé inú ìyá òun kò gba ata."

"Alààyè á pè mí lórí fóònù. Alààyè kò ní gba inú ìkòkò kí mi." Ohùn rẹ̀ ya. "Ó ti rẹ ọmọ mi. Mo ti dì í mú pẹ́ jù. Ó wá gba ìyọ̀ǹda."

Tèslìmù fi àwo bo mọ́ínmọ́ín náà, ó jókòó tì í.

"Ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́ nígbà tó gbóná," ni Ràhmát wí.

"Bí a bá jẹ ẹ́, ó tán."

Wọn kò jẹ ẹ́.

Ojúmọ́ mọ́. Ràhmát ṣí àwo. Mọ́ínmọ́ín a máa kan kí ilẹ̀ tó mọ́ nínú ooru Kùmásí. Èyí kò kan. Ó fọwọ́ kàn án. Kò tutù. Ní ọjọ́ kejì kò tutù. Efua wá, ó fọwọ́ kan ara àwo náà láti ìta, ó bọ́ sẹ́yìn, ó sì ń ṣe "due, due," bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kí ọlọ́fọ̀. Kò mọ̀ pé òun ń sọ ọ́. Tèslìmù kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì ló ń sùn. Fóònù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Bó bá dún, á fò dìde. Ará ibi iṣẹ́ ni. Oníbàárà ni.

Tọkọtaya náà kò jà. Ìjà ìbá sàn. Wọ́n ń rìn yí ara wọn ká wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tí aláìsàn wà nínú ilé wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Lẹ́yìn ìrun, àwọn ọkùnrin wọlé sí agboolé, wọ́n tẹ́ ẹní. Àwọn obìnrin dúró lẹ́yìn, níbi ìloro. Efua wà níbẹ̀. Bùsáyọ̀ náà wá, ó fi gèlè borí. Àfáà Rilwan ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Òun ló sọ Fareedah lórúkọ.

Tèslìmù pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. "Àfáà, ẹ forí jì mí. Ẹ má ṣe é mọ́. Ọmọ mi wà láàyè."

Ràhmát sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. "Àfáà, ẹ bá mi ṣe é."

Àfáà wo ọkọ, ó wo ìyàwó. "Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìwọ lo ní kí n wá," ó sọ fún Tèslìmù. Ó kọjú sí Ràhmát. "Ìwọ ni wọ́n ní kò gbà. Kí ló dé?"

Wọ́n mú un wọlé. Wọ́n ṣí àwo hàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì fi í síbẹ̀ pẹ́. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ó wo ọwọ́ náà bí ẹni pé kì í ṣe tiẹ̀.

"Mo ti kírun sí òkú lára láti ìgbà èwe," ó wí. "Mo ti gbàdúrà fún arìnrìnàjò. Èyí tó dé bá mi yìí..."

Ó jáde sáàárín agboolé, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó kọjú sí Ìlà-oòrùn.

"Ẹ tò," ó wí.

"Ìrun wo ni, Àfáà?" ẹnì kan bèèrè.

"Mo ní kí ẹ tò."

Wọ́n tò. Ó kabara pé Ọlọ́hun tóbi. Wọ́n kabara tẹ̀ lé e.

Kò sí mùsùlùmí tí kò mọ èyí: ìrun tí à ń kí sí òkú lára, ìdúró ni gbogbo rẹ̀. Kò sí títẹ̀ níbẹ̀, kò sí fíforí kanlẹ̀. Ìrun tí à ń kí fún alààyè ló ní títẹ̀. Nítorí náà gbogbo wọn mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè: bóyá Àfáà á tẹ̀ tàbí kò ní tẹ̀. Tèslìmù wà lẹ́yìn Àfáà gan-an, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìbàdí àgbádá Àfáà. Ràhmát ń wò ó láàárín èjìká àwọn ọkùnrin. Ọkọ ń bẹ Ọlọ́hun pé kí Àfáà tẹ̀. Ìyàwó ń bẹ̀ Ẹ́ pé kó má tẹ̀.

Oòrùn ọyẹ́ ràn sórí àgbádá funfun náà. Ewúrẹ́ kan ń dún níbìkan, ó dákẹ́. Nínú yàrá, níbi tí kò sí ènìyàn, àwo dún wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí tábìlì.

Kò sí ẹni tó wẹ̀yìn.

Àfáà dúró. Èjìká rẹ̀ gbéra, ó wálẹ̀. Ó ṣì dúró.